Aláǹtakùn Ńlá Méjì: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ọmọ Wa Mú Wọ Ilé?

 

Ìròyìn ìkómọ, ìgbéyàwó, ìṣílé àti ìsìnkú àgbà ni ẹ sábà máa ń kà nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ti òní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdílé náà ni. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà ń gbé láàrin àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sin oríṣiríṣi ẹ̀dá nínú ilé: ajá, ológbò, ejò, alángbá, títí dé orí aláǹtakùn ńlá onírun tí Òyìnbó ń pè ní tarantula. Ní ìsọ̀ ni wọ́n ti ń tà á, bí a ti ń ta adìẹ ní ọjà wa. Bí ọmọ bá kọ̀wé sílé pé òun fẹ́ ra ọ̀kan, ìyá yóò kígbe, bàbá yóò bínú, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Èwo nínú wọn ni o fẹ́ rà?" Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yìí gan-an ni ó ṣe kókó.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá ni èyí. Ìyá tí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wẹ ìkókó fún ọmọ rẹ̀ ni yóò bá ẹ̀dá yìí nínú ilé. Ìkókó náà ni yóò sì máa rákòrò láìpẹ́ nínú yàrá tí àpótí rẹ̀ wà. Nígbà tí ọmọ bá sì fẹ́ padà wálé pátápátá, ẹnì kan ní láti gba ẹ̀dá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe gbé méjì kalẹ̀ lónìí, kí a fi wọ́n wé ara wọn, kí òbí àti ọmọ lè jọ sọ ọ̀rọ̀ tí ó nítumọ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

ORÚKỌ WỌN ÀTI IBI TÍ WỌ́N TI WÁ

Èkínní ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Mexican red knee. Kí a pè é ní Elérúnkún-pupa. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni Brachypelma hamorii. Títí di 2017, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sìn ín ni wọ́n ń pè é ní Brachypelma smithi. Ní ọdún náà ni àwọn onímọ̀ fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì hàn kedere. Ìhà etí òkun Pàsífíìkì ní Mẹ́síkò ni ilé rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Jalisco, Colima àti Michoacán. Ara rẹ̀ dúdú, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú bí ọsàn. Inú ihò ilẹ̀ ni ó ń gbé. Bí ó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ó tó nǹkan bí ínṣì 5.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Togo starburst. Kí a pè é ní Aláǹtakùn Tógò. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Heteroscodra maculata. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, ní Tógò àti Gánà. Orí igi ni ó ń gbé, kì í ṣe inú ilẹ̀. Ara rẹ̀ funfun bí eérú, àmì dúdú sì wà káàkiri ara rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ èèpo igi gan-an. Ènìyàn lè wo igi tí ó dì mọ́ kí ó má sì rí i. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn. Ní títóbi, òun àti ti Mẹ́síkò kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ.

Nígbà tí ọ̀dọ́ wa bá gbọ́ Tógò, ọkàn rẹ̀ yóò fà sí i. Kò jẹ́ ìyàlẹ́nu. Tógò kò jìnnà sí ilé. Ní Atakpamé àti àyíká rẹ̀, àwọn ará wa tí a ń pè ní Ànà tàbí Ifẹ̀ ń sọ èdè tí ó bá tiwa tan títí di òní. "Ará ilé wa ni," ni ọmọ yóò wí, "òun náà wà ní àjò bí èmi." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì pa ni lẹ́rìn-ín, pàápàá àwa tí a mọ ohun tí à ń pè ní àjò. Ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kò kú nítorí pé ó bá wa tan.

OHUN ÌJÀ WỌN

Àwọn méjèèjì ni ó ní eyín, àwọn méjèèjì ni ó sì ní oró. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí olúkúlùkù kọ́kọ́ máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá bà á.

Elérúnkún-pupa kò yára. Bí a bá dà á láàmú, yóò kọ́kọ́ fẹ́ padà sínú ihò rẹ̀. Bí a kò bá fi í sílẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ha ikùn rẹ̀, irun kéékèèké yóò sì tú sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá ti fara kan wèrèpè rí nínú oko mọ irú yíyún tí irun náà ń fà. Ní ara, omi àti ọṣẹ lè tó o. Bí ó bá wọ ojú, ọ̀rọ̀ dókítà olójú ni, nítorí irun náà lè gún ẹyinjú kí ó sì dúró síbẹ̀. Ó lè bù ènìyàn jẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, oró rẹ̀ kò sì le tó ti èkejì.

Aláǹtakùn Tógò kò ní irun ìjà yìí rárá. Àwọn ti ìhà Amẹ́ríkà ni Ẹlẹ́dàá fún ní irun bẹ́ẹ̀. Ti Áfíríkà àti ti Éṣíà kò ní in. Ẹsẹ̀ àti eyín nìkan ni Aláǹtakùn Tógò gbójú lé. Eré rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kúrò nínú àpótí, ó ti gun ọwọ́, ó ti dé èjìká. Bí kò bá rí ibi sá sí, yóò bù ènìyàn jẹ. Àwọn tí ó ti bù jẹ sọ ti ìrora líle, ara wíwú, àti pajápajá tí ó lè máa padà wá fún ọjọ́ mélòó kan.

Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba ara wa ju bí ó ti yẹ lọ. Kò sí àkọsílẹ̀ tí ó dájú pé oró irú aláǹtakùn yìí ti pa ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n àìkú nìkan kọ́ ni àlàáfíà. Àgbàlagbà tí ó lágbára lè fara da ìrora ọjọ́ mẹ́ta. Ta ni yóò fẹ́ kí ìkókó tàbí ìyá arúgbó dán an wò?

Oró yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ń wo fún ìwúlò. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn rí èròjà méjì, Hm1a àti Hm1b, nínú oró Aláǹtakùn Tógò. Èròjà wọ̀nyí ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ ọ̀nà kan tí ìrora ń gbà kọjá nínú iṣan ìmọ̀lára. Ní 2018, àwọn onímọ̀ fi Hm1a sínú ọpọlọ àwọn eku tí wọ́n ní irú wárápá kan tí ń bá ọmọdé jà láti kékeré, tí a ń pè ní Dravet, gìrì tí ń gbé wọn sì dínkù. Eku ni a sọ o, kì í ṣe ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ gún aláǹtakùn ní odó pé òun ń ṣe àgbo gìrì.

Ọmọ lè sọ pé òfin kò dí òun lọ́wọ́. Òtítọ́ ni. Òfin Ìlú Ọba ti 1976 lórí ẹranko eléwu ní orúkọ àwọn aláǹtakùn kan tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí a tó sìn, ṣùgbọ́n méjèèjì tí à ń sọ yìí kò sí lára wọn. Onílé tí ó gbà wá sí yàrá lè ní òfin tirẹ̀, kí a sì bi í kí a tó rà á. Ohun tí òfin kò kọ̀ lè jẹ́ ohun tí ilé kò gbà.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ WỌN

Ìtọ́jú wọn kò gba agbára, ṣùgbọ́n ó gba ìfarabalẹ̀. Olúkúlùkù ni ó gbọ́dọ̀ ní àpótí tirẹ̀, nítorí bí a bá kó méjì pọ̀, ọ̀kan lè pa èkejì jẹ.

Àpótí Elérúnkún-pupa gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ. Kí a da erùpẹ̀ tàbí èèpo àgbọn lílọ̀ sí i nípọn, tó ínṣì 4, kí ó lè rí ilẹ̀ gbẹ́. Kí ìdérí má ṣe jìnnà sí ilẹ̀ náà, nítorí bí ó bá gun òkè tí ó sì já lulẹ̀, ikùn rẹ̀ lè bẹ́, ikú nìyẹn. Kí a fi ègé igi oníhò kan sí i fún ibi ìsápamọ́.

Àpótí Aláǹtakùn Tógò gbọ́dọ̀ ga ju bí ó ti fẹ̀ lọ. Èèpo igi ni a ó fi gbe ara ògiri àpótí, kí ó lè rí ibi gùn àti ibi sá pamọ́ sí. Ọ̀sán ni yóò fi sùn, òru ni yóò fi jáde. Ẹni tí ó bá rà á nítorí àtifi han àlejò yóò rí i pé èèpo igi ni àlejò ń wò. Kí a má ṣe ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà láìjẹ́ pé a ti mọ ibi tí ó wà, kí a sì lo ẹ̀mú gígùn dípò ọwọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ìrẹ̀ àti aáyán tí a rà ní ìsọ̀ ni oúnjẹ àwọn méjèèjì. Kí a má ṣe fún wọn ní aáyán inú ilé, nítorí ó lè ti jẹ oògùn kòkòrò. Àgbà aláǹtakùn kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ kí ó tó yó, omi mímọ́ nínú àwo pẹlẹbẹ sì gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo. Ooru yàrá tí ó tó ara ènìyàn tó o pẹ̀lú, ìwọ̀n bí 24 sí 28. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos mọ ohun tí òtútù ọyẹ́ ń ṣe ní òwúrọ̀. Òtútù Ìlú Ọba ju ìyẹn lọ, àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sì ti ilẹ̀ olóoru wá.

Ohun kan wà tí ó ń ya àwọn olùsìn tuntun lẹ́nu. Aláǹtakùn a máa bọ́ awọ bí ejò. Kí ó tó bọ́ ọ, ó lè kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, lẹ́yìn náà yóò dùbúlẹ̀, yóò sì na ẹsẹ̀ sókè. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti kú, yóò sì gbé e jù nù láàyè. Kí a má ṣe fọwọ́ kàn án nígbà náà. Bí ó bá bọ́ awọ tán, ara rẹ̀ rọ̀, eyín rẹ̀ pàápàá rọ̀, nítorí náà kí a yọ ìrẹ̀ kúrò títí ara rẹ̀ yóò fi le.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí náà kí ó yé ọmọ. Ajá mọ olúwa rẹ̀. Aláǹtakùn kò mọ̀ ọ́n. Gbígbé e sọ́wọ́ kò dùn mọ́ ọn, àǹfààní kan kò sì sí níbẹ̀ fún un. Ohun tí a ń wò ni, bí a ti ń wo ẹja nínú gíláàsì.

ỌJỌ́ ORÍ WỌN

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìdílé. Abo Elérúnkún-pupa lè lo ọdún 25, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Akọ kò pẹ́ tó o rárá. Bí ó bá ti dàgbà tán, ikú rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Aláǹtakùn Tógò kò pẹ́ láyé tó Elérúnkún-pupa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abo rẹ̀ pẹ̀lú ń lo ọdún púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ ọdún 20 tí ó ra abo kékeré kan lónìí lè jẹ́ ẹni ọdún 45 kí ẹ̀dá náà tó kú. Láàrin ìgbà náà, yóò parí ẹ̀kọ́, yóò gba iṣẹ́, yóò kó láti ìlú kan sí òmíràn, yóò gbéyàwó tàbí kí ó lọ ilé ọkọ, yóò bímọ. Olúkúlùkù nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni àpótí náà yóò bá a dé. Kì í ṣe ohun tí a ń rà nítorí pé ó wù wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Bí ọmọ bá sì fẹ́ padà wálé ńkọ́? Láti 1985 ni àdéhùn gbogbo ayé lórí ẹranko tí ó ń tán lọ, tí a ń pè ní CITES, ti dáàbò bo àwọn Elérúnkún-pupa Mẹ́síkò, nítorí pé àwọn oníṣòwò ti kó wọn jù nínú igbó. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 1974. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kó o sínú àpò gba pápákọ̀ òfuurufú kọjá láìsí ìwé àṣẹ. Wọn yóò gbà á, wọn sì lè fi òfin mú ẹni tí ó gbé e. Kí a má sì ṣe tú u sínú igbó, ì báà ṣe níbẹ̀ tàbí níhìn-ín. Ẹni tí yóò gbà á ni kí a ti wá sílẹ̀.

ÈWO NI KÍ A YÀN?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni kí a wo ilé kí a tó mú ohun ọ̀sìn wọ̀ ọ́.

Bí ọmọ kò bá tíì sin irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ rí, Elérúnkún-pupa ni kí ó yàn. Ìfarabalẹ̀ rẹ̀ yóò fún un ní àyè láti kọ́ iṣẹ́, àṣìṣe kékeré kò sì ní di ìrora ńlá. Kí ó ra èyí tí a bí sí ọwọ́ olùsìn, kì í ṣe èyí tí a kó láti inú igbó. Kí ó sì bi ẹni tí ń tà á bóyá akọ ni tàbí abo, kí ó lè mọ iye ọdún tí ó ń gbà sórí.

Aláǹtakùn Tógò wà fún ẹni tí ó ti sin àwọn mìíràn fún ọdún púpọ̀, tí ó ń dá gbé, tí ó sì ní yàrá tí ó ṣe é tì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò ní irun tí ń wọ ojú, ó sì rẹwà fún ẹni tí ó ní sùúrù láti ṣọ́ ọ lóru. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn gbé yàrá, tàbí tí ó ń retí ìyá rẹ̀ láti ilé, kì í ṣe tirẹ̀, bí orúkọ Tógò tilẹ̀ dùn létí.

Bí oyún bá wà nínú ilé, tàbí tí ọmọdé ń rákòrò níbẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a dá méjèèjì dúró. Ìsọ̀ kò ní sá lọ. Bí Elérúnkún-pupa bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a gbé àpótí rẹ̀ sí yàrá tí ọmọ kò lè wọ̀, kí a fi àgádágodo sí i, kí ẹni tí ó bá fọwọ́ kan inú rẹ̀ sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí lẹ́tà tàbí ìpè bá dé, ẹ gbé igbe tì, kí ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè márùn-ún yìí. Èkínní, èwo ni, kí sì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé? Èkejì, ta ni ẹ jọ ń gbé, ṣé ó sì mọ̀ sí i? Ẹ̀kẹta, ṣé onílé gbà? Ẹ̀kẹrin, ta ni yóò fún un ní omi nígbà tí o bá rin ìrìn-àjò? Ẹ̀karùn-ún, ta ni yóò gbà á lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ padà wálé? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn márùn-ún náà ti di àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó rà á. Èyí tí kò bá lè dáhùn yóò fúnra rẹ̀ rí i pé àkókò kò tíì tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nílé pẹ̀lú wa, kí ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ yìí gbé ọkọ́ lọ sí igbó. Orílẹ̀-èdè wa náà ní aláǹtakùn ńlá tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hysterocrates hercules, tí àwọn onímọ̀ ti kọ sínú ìwé láti 1899 pé Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Inú ihò ni irú rẹ̀ ń gbé, ó ń jẹ kòkòrò, kò sì wá ìjà ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí ihò rẹ̀, ẹ wò ó láti òkèèrè, kí ẹ sì kọjá lọ. Ó wà nílé rẹ̀.

Kí Olódùmarè bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lókèèrè, kí ó jẹ́ kí àwọn ìyá tí ń lọ wẹ ọmọ lọ láyọ̀, kí wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Kí ilé wa ó tù wá lára, nílé àti lájò. Àṣẹ.